Ojú Tí Orílẹ̀-èdè Kọ̀ọ̀kan Fi Ń Wo Gbígbé Ìbọn ní Gbangba

Gbígbé ìbọn ní gbangba ni kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí ológun mú ìbọn lọ síbi tí èrò wà, ìbáà ṣe òpópónà, ọjà, ọkọ̀ èrò, ilé oúnjẹ tàbí ilé ìjọsìn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé e. Àwọn kan ń gbé e kọ́ èjìká tàbí kí wọ́n so ó mọ́ ìbàdí, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àwọn mìíràn ń fi aṣọ bò ó. Orílẹ̀-èdè kan lè gba ọ̀kan láàyè kí ó sì ka èkejì léèwọ̀. Èyí tó pọ̀ jùlọ láyé kò gba méjèèjì, àfi kí ènìyàn ní ìwé àṣẹ pàtàkì tí ọwọ́ kì í tètè tẹ̀.

Pé ìbọn pọ̀ nílùú kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń gbé e kiri níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Small Arms Survey tó wà ní Geneva ṣírò rẹ̀ pé ní ìparí ọdún 2017, ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú lágbàáyé tó mílíọ̀nù 857. Mílíọ̀nù 393 nínú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà nìkan, èyí tó ju iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó kù, Yẹ́mẹ̀nì ló tẹ̀lé e, pẹ̀lú nǹkan bí ìbọn 53 fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ìbọn pọ̀ nínú ilé àwọn ará Finland náà, torí pé ọdẹ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbọn lọ ra búrẹ́dì ní Helsinki, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ohun tó ya orílẹ̀-èdè kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni irú ẹni tí aráàlú gbà pé ìbọn yẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí ọkàn wọn kọ́kọ́ sọ nígbà tí wọ́n bá rí i: ṣé ọdẹ ni, ṣé ẹ̀ṣọ́ ni, ṣé ọmọlúàbí tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni, àbí olè.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jùlọ. Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1791, dá ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e mọ̀, ó sì mẹ́nu ba ẹgbẹ́ ológun aráàlú nínú gbólóhùn kan náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni àwọn amòfin fi jiyàn fún ohun tó lé ní igba ọdún: ṣé ẹgbẹ́ ológun yẹn ló ni ẹ̀tọ́ náà, àbí olúkúlùkù? Ní 2008, nínú ẹjọ́ Heller, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé olúkúlùkù ló ni ín, pé ẹnìkan lè ní ìbọn nínú ilé rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, ilé-ẹjọ́ kan náà mú ẹ̀tọ́ yìí jáde kúrò nínú ilé bọ́ sí ìgboro. Ó fagi lé òfin New York tó ti wà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, èyí tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn jáde kọ́kọ́ ṣàlàyé ewu pàtàkì tó ń lé e.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Vermont kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Florida ló ti ilẹ̀kùn ṣí fún àwọn yòókù ní 1987, nígbà tó ṣòfin pé kí wọ́n fún gbogbo àgbàlagbà tó bá kún ojú òṣùwọ̀n ní ìwé àṣẹ láìbi í léèrè ìdí. Illinois ló kẹ́yìn nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó gba kí aráàlú gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ, ọdún 2013 ló sì tó gbà. Texas tilẹ̀ mú ìwé àṣẹ kúrò lọ́rọ̀ náà ní oṣù kẹsàn-án 2021. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ju ìdajì ìpínlẹ̀ àádọ́ta lọ tí kò béèrè ìwé lọ́wọ́ àgbàlagbà tó fi ìbọn sára.

Fíìmù ti jẹ́ kí ayé gbà pé gbogbo ọkùnrin ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àtijọ́ ló ń gbé ìbọn yan fanda láàárín ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Dodge City àti Tombstone, òfin ìlú kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn kiri láàárín ìgboro. Àlejò gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi padà lọ. Ìjà O.K. Corral tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù títí dòní, èyí tó wáyé ní Tombstone ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1881, bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Virgil Earp, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn lọ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó tàpá sí òfin yìí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún 19, ẹni tó fi ohun ìjà pamọ́ sára ni wọ́n máa ń fura sí jùlọ. Kentucky àti Louisiana ti ṣòfin lòdì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti 1813, torí lójú wọn, ọmọlúàbí kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Apààyàn ló ń bo ohun ìjà. Lónìí, èrò náà ti yí bírí. Ìbọn tó hàn sójú táyé ló ń já ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà láyà, èyí tó wà lábẹ́ kóòtù kò sì yọ wọ́n lẹ́nu. Texas gba ìbọn ìléwọ́ lábẹ́ aṣọ láàyè nípasẹ̀ òfin 1995, ṣùgbọ́n ó di 2016 kó tó gbà kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ gbé e síta.

Nítorí pé òfin Texas jẹ́ kí onílé pinnu ohun tó lè wọ ilé rẹ̀, ìkìlọ̀ tí nọ́ńbà 30.06 tàbí 30.07 wà lórí rẹ̀ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Nọ́ńbà abala òfin ni: ti àkọ́kọ́ kọ ìbọn abẹ́ aṣọ, èkejì kọ èyí tó hàn. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé lè rò pé iye owó ọjà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá náà kò bọ́ nínú àríyànjiyàn yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 2013, lẹ́yìn tí àwọn alátìlẹ́yìn ìbọn ti ń gbé ìbọn wọn lọ mu kọfí ní Starbucks, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Howard Schultz, kọ lẹ́tà sí ará ìlú pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má gbé e wá mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló fi ṣe, kò kà á léèwọ̀.

Àwọ̀ ara tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Mississippi àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kan ṣòfin tí kò jẹ́ kí ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ìbọn. Ní California, kò sí òfin tó kọ gbígbé ìbọn síta títí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ Black Panther fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìbọn tẹ̀lé ọlọ́pàá kiri ní Oakland láti ṣọ́ ìwà wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 1967, wọ́n gbé ìbọn wọn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Sacramento. Kí ọdún náà tó parí, Gómìnà Ronald Reagan, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ti fọwọ́ sí òfin Mulford tó ka gbígbé ìbọn tó ní ọta nínú ní gbangba léèwọ̀. Ní Minnesota ní 2016, ọlọ́pàá dá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà ní ìwé àṣẹ, ó sì sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lára òun. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á, ilé-ẹjọ́ sì dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀tọ́ kan náà ló wà nínú ìwé òfin fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó lò ó kò dọ́gba.

Ní Brítéènì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Robert Peel, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, dá ọlọ́pàá London sílẹ̀ ní 1829, kóńdó ló fún wọn, kò fún wọn ní ìbọn, torí pé ẹ̀rù ń ba aráàlú pé ìjọba fẹ́ fi ológun ṣọ́ wọn. Títí di òní, ọlọ́pàá tó pọ̀ jùlọ ní England, Scotland àti Wales kì í gbé ìbọn. Àwọn aráàlú kúkú lè ra ìbọn láìsí wàhálà púpọ̀ títí di òfin 1920, èyí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní nígbà tí ìbẹ̀rù ọ̀tẹ̀ gba ìlú kan. Ohun tó fi òpin sí ìbọn ìléwọ́ ni ìṣẹ̀lẹ̀ Dunblane ní Scotland. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 1996, ọkùnrin kan tó ní ìwé àṣẹ ìbọn wọ ilé-ìwé, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Òfin méjì tí wọ́n ṣe ní 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Ayédèrú ìbọn pàápàá, ẹni tó bá gbé e jáde láìnídìí ti rúfin. Ariwá Ireland nìkan ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: nítorí rògbòdìyàn ọjọ́ pípẹ́ tó wáyé níbẹ̀, ọlọ́pàá ń gbé ìbọn, ìjọba sì ń fún àwọn tí ewu ń lé ní àṣẹ láti ní ìbọn ìléwọ́.

Jàpáànì ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ aráàlú tipẹ́. Ní 1588, Toyotomi Hideyoshi, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n kó idà àti ìbọn kúrò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí ó kù sọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Ní 1876, ìjọba tuntun gba ẹ̀tọ́ láti so idà mọ́ ìbàdí kúrò lọ́wọ́ àwọn jagunjagun náà. Òfin 1958 tó ń darí ìbọn àti idà lónìí bẹ̀rẹ̀ láti orí pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní in, ó wá ka àwọn tí a yọ sílẹ̀, bí ọdẹ àti eléré ìdárayá. Àwọn yẹn pàápàá gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kí ọlọ́pàá sì mọ ibi tí wọ́n ń kó ìbọn pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí ikú Shinzo Abe, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀, fi mi orílẹ̀-èdè náà tìtì ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2022 ní ìlú Nara. Ìbọn tí apààyàn náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ nílé ló lò. Ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ní 1992, onílé kan ní Louisiana ti yìnbọn pa ọmọ ilé-ìwé Jàpáànì kan tó ṣi ilé yà nígbà tó ń wá ilé àríyá. Ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn dá onílé náà sílẹ̀, ìdájọ́ náà sì ya àwọn ará Jàpáànì lẹ́nu ju ikú náà fúnra rẹ̀ lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan wọn tó fọwọ́ síwèé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí ó mú ìbọn kúrò nínú ilé àwọn ènìyàn.

Àwọn tó bá ń ṣàtìlẹ́yìn fún ìbọn sábà máa ń fi Swítsálándì ṣe àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ náà kò sì bá wọn lára mu tó bí wọ́n ṣe rò. Lóòótọ́, ọmọ ogun níbẹ̀ lè gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé, ó sì wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ìbọn ológun kọ́ èjìká nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní Zürich, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 ń díje nínú ìbọn yíyìn lọ́dọọdún nínú oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ inú ọkọ̀ ojú irin yẹn ń lọ sí bárékè tàbí ibi ìdárayá ni, ọta kò sì gbọdọ̀ sí nínú ìbọn rẹ̀. Láti 1999, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn láti fi ṣọ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ewu wà, kí ó sì ṣe ìdánwò. Díẹ̀ ni ọwọ́ wọn ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti 2007, ìjọba ti gba ọta padà kúrò nílé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ló sún mọ́ Amẹ́ríkà jùlọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá yege ìdánwò, tí ara rẹ̀ dá, tí kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, lè gba ìwé láti gbé ìbọn fún ààbò ara rẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ ni, kí ojú ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Ní Yẹ́mẹ̀nì, ìbọn jẹ́ ara ohun tí ọkùnrin fi ń jẹ́ ọkùnrin, bíi ti ọ̀bẹ jambiya tí wọ́n ń so mọ́ ìgbànú níwájú. Iyì rẹ̀ hàn jùlọ nígbà ìpẹ̀tùsíjà. Bí ẹ̀yà méjì bá ń jà, ìhà méjèèjì lè kó ìbọn wọn fún onílàjà gẹ́gẹ́ bí ìdúró pé àwọn yóò gba ohun tó bá dá. Kò sí ohun tó wúwo ju èyí tí wọ́n lè fi sílẹ̀. Ìjọba fi òfin de gbígbé ìbọn ní Sanaa àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ní 2007, ṣùgbọ́n ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2014 kò jẹ́ kí òfin náà rẹ́sẹ̀ wálẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, èrò inú bọ́ọ̀sì kì í wo ọmọ ogun ọdún mọ́kàndínlógún tó gbé ìbọn ńlá jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sin ìjọba rí. Aráàlú lásán ní láti tọrọ ìwé àṣẹ kí ó sì sọ ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti dẹ òfin náà lẹ́yìn ìkọlù Hamas ní oṣù kẹwàá 2023.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ìbọn yẹ. Ọkùnrin tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká tó ń ti inú igbó bọ̀ ní ìdájí kì í já ará abúlé láyà. "Àrìnpa o" ni wọ́n ń fi kí i. Ìbọn rẹ̀ jẹ́ ti Ògún, ó ní èèwọ̀ tirẹ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ sì mọ ẹni tó ni ín. Bí àgbà ọdẹ bá kú, ìró ìbọn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kéde rẹ̀, wọn a sì máa sun ìrèmọ̀jé. Àwọn ogun ọ̀rúndún 19 ló sọ ìbọn di ohun ìjà ogun káàkiri ilẹ̀ náà. Nígbà ogun Kírìjì (1877–1893), àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Lẹ́yìn náà, nínú àdéhùn Brussels ti 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fẹnu kò pé kí wọ́n má ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn ẹlẹ́tù àtijọ́ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda.

Ìpín yìí ṣì wà nínú òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959. Ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí a kà léèwọ̀, tí ààrẹ nìkan lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé wà lábẹ́ àṣẹ ọlọ́pàá. Ṣakabùlà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìwé àṣẹ tirẹ̀ ló sì rọrùn jùlọ láti gbà. Ìgboro wá mú ìtumọ̀ tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, ìbọn tàn kálẹ̀, ìdigunjalè sì gbilẹ̀ débi pé ìjọba ológun gbé òfin ikú jáde ní ọdún náà, wọ́n sì ń yìnbọn pa àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní etíkun Bar Beach lójú gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá fa ìbọn yọ ní Èkó, ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Olówó Nàìjíríà kì í sì í sábà gbé ìbọn fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń gbé e tẹ̀lé e. Ọlọ́pàá tó gbé AK-47 dúró lẹ́yìn gbajúmọ̀ níbi ìnáwó ń ṣọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ òde náà ni pẹ̀lú. Ará Texas tó gbà pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe kò ní tètè lóye rẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn kó gbogbo èyí pọ̀. Àwọn gómìnà mẹ́fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ṣí ẹ̀ṣọ́ náà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, nítorí ajínigbé àti ìpànìyàn lójú oko. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, sọ pé kò bófin mu, kí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà tó jókòó sọ ọ́. Ọdẹ pọ̀ nínú ẹ̀ṣọ́ náà, ìbọn ọdẹ sì ni wọ́n ń lò. Rotimi Akeredolu, gómìnà Oǹdó, fi ẹ̀hónú hàn ní 2022 pé AK-47 ló wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn, pé kí wọ́n jẹ́ kí Amọ̀tẹ́kùn náà ní irú rẹ̀. Abùjá kọ̀. Aráàlú tó ń sá fún ìbọn ní ìgboro ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ọdẹ ní èyí tó lágbára sí i, kò sì sí ìtakora níbẹ̀: wọ́n mọ ọdẹ, wọn kò mọ ẹni tó wà nínú igbó.

Ní Bràsílì, òfin 2003 fòfin de gbígbé ìbọn ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àfi fún àwọn oníṣẹ́ ààbò àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Nígbà tí ìjọba béèrè lọ́wọ́ aráàlú ní oṣù kẹwàá 2005 bóyá kí títà ìbọn dópin pátápátá, nǹkan bí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ̀. Ààrẹ Jair Bolsonaro dẹ òfin náà láti 2019, Lula tó rọ́pò rẹ̀ sì tún fún un pọ̀ ní kété tó gorí àlééfà ní oṣù kìíní 2023. Ní Ọsirélíà, lẹ́yìn tí apààyàn kan yìnbọn pa ènìyàn 35 ní Port Arthur ní oṣù kẹrin 1996, ìjọba ra nǹkan bí ìbọn 650,000 padà. Dídáàbò bo ara ẹni kì í ṣe ìdí tí òfin ibẹ̀ gbà fún níní ìbọn.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ni ìyàtọ̀ yìí ń kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní erékùṣù Turks and Caicos, tó wà lábẹ́ Brítéènì, wọ́n bá ọta ìbọn nínú àpò àwọn ará Amẹ́ríkà mélòó kan ní pápákọ̀ òfurufú ní 2023 àti 2024. Wọ́n sọ pé àwọn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti lọ ṣọdẹ nílé, ohun tí kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Oklahoma tàbí Texas. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá, ó kéré tán, ni òfin erékùṣù náà kọ fún un nígbà náà. Ní ìparí, adájọ́ kò rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún gígùn yẹn, ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ sì ṣàtúnṣe òfin náà ní 2024 kí adájọ́ lè máa wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kó tó dájọ́. Wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú òfin: ẹni tó bá kó ọta ìbọn wọ erékùṣù náà láìgba àṣẹ ṣì jẹ́ arúfin.